Yàrá Tí A Kì Í Kí Ẹni Tó Wà Nínú Rẹ̀

Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá fi í sí ìparí, ẹ ó ti máa káàánú mi kí ẹ tó débẹ̀, mi ò sì fẹ́ àánú tí mo fi ọgbọ́n gbà. Iná pupa ń tàn lókè ilẹ̀kùn náà. Mo rí i. Wọ́n ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi. Síbẹ̀ mo ṣí i, mo yọ orí wọlé, mo kí èèyàn. Ìkíni yẹn ló ba iṣẹ́ obìnrin kan jẹ́ nílùú òtútù, nígbà tí wọ́n sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo dákẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń dá mi dúró ní Mákun, ní Ṣàgámù níbí, láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí, bó ṣe rí nìyí. Mùtíù ni mí, ọmọ ilé Ìyá Olóbì. Mo ka ìwé girama tán, àmọ́ mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò, mi ò sì padà sídìí rẹ̀. Ibi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ ńlá sọ, kí àwọn ọ̀mọ̀wé inú yín bá mi tún un ṣe.

Dídé

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi ní Finland, òun náà ló sì kí mi jù títí mo fi kúrò níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa níbí, oòrùn tiwọn á yọjú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tó yà wá mú un, á tún padà lọ. Mo jáde síta ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo mí sínú, inú imú mi sì le gbagidi. Mo rò pé àìsàn ti dé.

Bọ̀dá Sàká, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wá pàdé mi, ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Má bẹ̀rù. Irun imú rẹ ló di yìnyín. Káàbọ̀, ọmọ Mákun!"

Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó wá ku èmi nìkan nínú yàrá kan tó ní fèrèsé kan, tí fèrèsé náà kọjú sí igi kan. Igi náà kò ní ewé. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé.

Oúnjẹ wọn kò burú. Wọ́n ní búrẹ́dì dúdú kan tó kan díẹ̀, tó sì le, ẹ ó jẹ ẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro yín. Wọ́n máa ń fi ẹja, pọ̀tétò àti wàrà se ọbẹ̀ funfun. Ọbẹ̀ funfun! Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e síwájú mi, mo rò pé wọn ò tíì sè é tán, mo ń retí ìgbà tí ata máa dé. Nígbà tó yá mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọbẹ̀ tí èèyàn ń dá jẹ, bó ti wù kó dùn tó, ariwo ṣíbí lèèyàn máa ń gbọ́ jù níbẹ̀.

Àwọn tí kì í kíni

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Mo gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ọkùnrin àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé mi lórí yìnyín tó ń yọ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Kí n tó la ẹnu láti dúpẹ́, ó ti kẹ́yìn sí mi. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á ṣe yín lóore, wọn ò ní kí yín. Ní ibùdókọ̀, wọ́n á dúró jìnnà síra bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Mo kí ẹnì kan láàárọ̀ kùtù, ó bojú wẹ̀yìn kó lè rí ẹni tí mo ń kí.

Ẹ sì mọ ibi tí mo ti wá. Ẹ mọ Màmá, Ìyá Olóbì tí ẹ ń pè é, ìyá tó bí bàbá mi tó sì tọ́ mi dàgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lágboolé wa, kì í bi wá pé ṣé a ti fọnu. "Ta lo ti kí?" ló máa ń bi wá. Bí o ò bá tíì kí ẹnikẹ́ni, kò sí ẹ̀kọ mímu fún ọ. Ó ní gbèsè ni ìkíni, pé ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn ti jẹ gbèsè, gbèsè yẹn kì í sì í pa rẹ́. Ó ní ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ pé "ẹ kú iṣẹ́," ó dà bí ẹni tó taari onítọ̀hún ṣubú ni.

Èmi tí wọ́n fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ wá dé ibi tí ọjọ́ fi ń lọ tí n kò gbọ́ ohùn ara mi.

Ilé ìmọ́lẹ̀ tútù

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni ìmọ́tótó ní yunifásítì kan, lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí àwọn onífísíìsì ń lò. Mo ń nulẹ̀, mo ń kó ìdọ̀tí dànù. Màmá gbọ́ "yunifásítì" lórí fóònù, ó sì lọ sọ fún gbogbo Mákun pé ọmọ òun ń bá òyìnbó ṣe sáyẹ́ǹsì. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Àmọ́ mi ò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Leena. Òun ló ń lo yàrá tó wà níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan ló sì béèrè orúkọ mi. Abúlé kan ní òkè réré ìlú wọn ló ti wá, òun náà ò lẹ́nì kan nílùú ńlá yẹn. Ó máa ń wá mu kọfí rẹ̀ lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá mi. Mi ò lè fi orúkọ rẹ̀ pè é gbáà, ni mo bá ń pè é ní Àǹtí Leena.

"Kí ni Àǹtí?"

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ jù mí lọ, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé mo jù ọ́ lọ?"

"Irun yín ti funfun, mà."

Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀. "Mùtíù, wọ́n bí i mọ́ mi ni!" Ó rẹ́rìn-ín débi pé kọfí ta sí i láṣọ.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe nínú yàrá yẹn. Ó ní òun ń fi ìmọ́lẹ̀ mú nǹkan tutù. Mo rò pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló ṣì mí létí, torí lọ́dọ̀ tiwa, ìmọ́lẹ̀ ló ń sun obì tí a bá gbàgbé síta. Ó ṣàlàyé. Ohun gbogbo láyé, ó ní, àwọn èérún kan ló para pọ̀ di wọ́n, átọ́ọ̀mù lorúkọ wọn, wọn kì í sì í dúró jẹ́ẹ́, eré ni wọ́n máa ń sá ṣáá. Eré yẹn là ń pè ní ooru. Bí ẹ bá wá tan ìmọ́lẹ̀ lésà, tó máa ń lọ tààrà bí okùn, sí èérún kan láti iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀, ibi tó bá sá gbà ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sáré kojú ìjì. Eré rẹ̀ á rọ̀. Ohun tí kò bá sáré mọ́ ti tutù nìyẹn.

"Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í ṣàn bí omi," ló tún wí. "Ẹyọ ẹyọ ló ń wá. Kò sí ìlàjì ẹyọ."

"Bí obì," ni mo sọ.

"Kí ni obì?"

Gbànja kan wà lápò mi, lára èyí tí Màmá dì fún mi, mo yọ ọ́ fún un. Mo sọ fún un pé epo pupa lèèyàn lè bù díẹ̀ kún díẹ̀, ṣùgbọ́n obì, kíkà là ń kà á, ẹyọ kan kún ẹyọ kan. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ló bá gé obì náà jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tí oyin ta.

"Ẹ mu omi sí i, mà."

Ó mu ún. Ojú rẹ̀ là. "Omi yìí dùn!"

"Obì ló dùn lẹ́yìn, mà. Wọn kì í mọ̀ níwájú."

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé ẹyọ átọ́ọ̀mù kan ni òun ń ṣọ́ nínú yàrá náà, pé bí wọ́n bá mú un tutù tó, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, ó lè wà ní ipò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, kó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́.

Mo ní ó yé mi. "Obì àbàtà tí a ò tíì là nìyẹn. Ta ló mọ̀ bóyá àwẹ́ mẹ́ta ni àbí mẹ́rin?"

Ó gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Rárá. Obì tìrẹ ti mọ iye àwẹ́ ara rẹ̀ kí o tó là á, ìwọ ni o ò mọ̀. Tèmi yìí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Bí a bá wò ó ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀kan."

"Ta ló wá ń sọ èyí tó máa mú fún un?"

"Kò sẹ́ni. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Fóònù ọwọ́ rẹ, ẹ̀rọ tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú èèyàn nílé ìwòsàn, inú ìṣirò yẹn ni gbogbo wọn ti jáde. Àmọ́ bí o bá bi mí pé kí ló fà á, màá sọ fún ọ pé mi ò mọ̀."

Mo bi í pé kí ló lè jẹ́ kó pẹ́ nípò méjèèjì. Ó ní kó dá wà ni. Kí nǹkan kan má fara kàn án, kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí i. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tí kò yẹ kó débẹ̀ ti tó láti parí gbogbo rẹ̀. Mo ní mo mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń wá ni bí èérún yẹn ṣe lè pẹ́ tó kó tó mú ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe aago tí kò ní í ṣìnà. Bó bá rí i ṣe kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá rí i ṣe, àwọn mìíràn ló ní yàrá náà lẹ́yìn rẹ̀, òun á sì padà sí abúlé lọ máa kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ọdún ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti wọnú yàrá yẹn.

"Bí iná pupa bá ti ń tàn, má ṣílẹ̀kùn," ló kìlọ̀ fún mi. "Ojú ẹ̀rọ kan wà nínú níbẹ̀ tó lè rí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí á fọ́ ojú ẹ̀rọ náà."

Lọ́jọ́ mìíràn ó bi mí pé kí ni mo máa ń wí bí mo bá kọjá lára rẹ̀. Mo kọ́ ọ. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ẹni tí wọ́n bá kí bẹ́ẹ̀ á dáhùn pé, "Òo, ẹ ṣé."

Ó gbìyànjú rẹ̀. "Ẹ kú ìṣẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín tí n kò rín láti ìgbà tí mo ti fi Ṣàgámù sílẹ̀ ni mo rín pa pọ̀ níbẹ̀. "Mà, ẹ ti kí mi kú òṣì!"

"Ohùn kékeré yẹn nìkan?"

"Ohùn kékeré yẹn nìkan, mà."

"Físíìsì rọrùn jù ú lọ," ló wí, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣú bí òru, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, Màmá pè mí.

"Mùtíù, wọ́n ní ọmọ tó bá ti pẹ́ lọ́hùn-ún kì í kí èèyàn mọ́. Ṣé o ṣì ń kí èèyàn?"

"Mò ń kí wọn, Màmá."

"Ta lo ti kí láàárọ̀ yìí?"

Mo wo bọ́ọ̀sì yíká. Gbogbo wọn ń wo fèrèsé tí òkùnkùn wà lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti kí wọn o," ni mo ní, irọ́ sì ni.

Irọ́ yẹn ń bá mi rìn títí mo fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná pupa ń tàn. Kọfí Leena tó ti tutù wà lórí àga, mo fi mọ̀ pé ó ti pẹ́ nínú ibẹ̀. Ó ti ń bá iṣẹ́ àṣekágbá náà bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, oorun ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tó mọ̀ pé mo wà láyé. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Kò tì í láti inú, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tì í. Mo ṣí i níwọ̀nba ibi tí orí mi lè gbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Leena."

Òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì là á já bí ọ̀bẹ. Mo rí ojú rẹ̀ nínú ìlà náà. Kò pariwo. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó ń já bọ́, ó sì tún rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Òo," ló wí. "Ẹ ṣé, Mùtíù."

Ó dá mi lóhùn! Mò ń rò ó títí di òní. Ohun gbogbo ti bàjẹ́ lójú rẹ̀, ó sì rántí pé wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n kí máa dáhùn.

Ojú ẹ̀rọ náà fọ́. Òmíràn kò lè dé kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Leena, ó wo èmi àti korobá mi. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn," ni Leena sọ.

Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni, ìdajì kejì sì wà lẹ́nu mi. Ọ̀gá náà dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Mo ronú nípa iṣẹ́ mi, nípa Màmá àti gbogbo Mákun tó ń gbọ́ pé mò ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Mo tẹ̀ ba, mo fún aṣọ ìnulẹ̀ mi. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, wọ́n ti lọ.

Ìkíni ìkẹyìn

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gba ọ̀nà mìíràn. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo máa ń ti ọwọ́ bọ omi. Èmi tí mò ń ṣàròyé pé wọn kì í kí mi, èmi ni mo wá ń sá fún ẹni kan ṣoṣo tó ń kí mi.

Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀, ó wá sí yàrá kótópó tí mò ń kó korobá sí. Àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mùtíù."

Kò ṣì í pè. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìṣẹ́. Ó tilẹ̀ fi "ẹ" kí mi, èmi àbúrò rẹ̀, torí n kò kọ́ ọ pé ó lè wí pé "o kú." Ọ̀wọ̀ tí mo fi fún un ló fi dá mi lọ́lá yẹn.

Ó dúró. Ó ń retí. Mo kẹ́yìn sí i, mò ń to ọṣẹ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ tí ó gbé àpótí rẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ilé

Ìwé ìgbélùú mi parí, mo sì padà wálé. Mo sọ̀ ní ìkóríta Ṣàgámù, ooru gbá mi mọ́ra, ọlọ́kadà kan sì ké sí mi kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan: "Àlàájì, ẹ kú àbọ̀ o! Mákun ni àbí Òfin?" N kò mọ̀ ọ́n rí. Omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀. Ó ní, "Àlàájì, owó ọkọ̀ ò tíì tó ẹkún o."

Mo bá Màmá nídìí obì, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni Màmá ń sọ, èyí tí mo lè kọ nínú rẹ̀ ni mo kọ síbí. Mo sọ ohun gbogbo fún un, àti korobá àti ilẹ̀kùn.

"Agbọ̀n obì tí mo dì, tí mo bo ewé lé lórí," ló wí, "ta ló ń ṣí i nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin nìkan, Màmá. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ̀ ọ́, á gbẹ."

"Bí mo bá wà nínú yàrá obì, tí o fẹ́ kí mi ńkọ́?"

"Ìta ni mo máa ń dúró sí, Màmá. Màá pariwo láti ìta."

"Ilẹ̀kùn òyìnbó kì í gba ohùn ni?"

Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ti ń dá ara mi láre pé ẹ̀kọ́ ilé ló sún mi ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé kọ́. Bó bá jẹ́ ìkíni ni mo fẹ́ kí i, ǹ bá dúró síta kí n kí i. Mo fẹ́ kí ẹnì kan rí mi ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Ó mi orí, kò bá mi wí.

Ó tún ní, "Nígbà tó ń lọ tó kí ọ, kí lo fi dá a lóhùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa obì.

"Mùtíù. Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mi ò dáhùn, Màmá."

Ó gbé obì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ṣì dúró, ó ń retí gbèsè rẹ̀ nìyẹn."

Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo ti fi ohùn mi sínú fóònù lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti pa á rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. "Òo, ẹ ṣé" nìkan kò tó mọ́. Ìdáhùn yẹn gbọ́dọ̀ gbé ìdajì òótọ́ tó kù dání, ó sì gbọ́dọ̀ dé etí ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀yin ní Mákun, ó sì rọrùn fún mi, torí ẹ̀yin kọ́ ni mo jẹ ní gbèsè. Obìnrin kan ló gbé àpótí dání, tó kí mi kú iṣẹ́ láìṣì í pè. Mi ò tíì dá a lóhùn.